Kírákà Tó Rọ̀ Nínú Kúlà

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Mọ̀mí. Worcester ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni mo ń gbé. Tí òtútù bá ti dé, ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń se súùpù ní alẹ́ Ọjọ́rú lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa wá ohun tí a ó fi jẹ ẹ́. Mo ní dípò kí n máa ra kírákà inú páálí, n ó máa yan án fúnra mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú. Lákọ̀ọ́kọ́, fúláwà búrẹ́dì, omi àti òróró díẹ̀ ni mo lò, mo pò ó dáadáa bí ẹni fẹ́ ṣe búrẹ́dì. Ó le bí àpáàdì. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ra fúláwà tó ń wú fúnra rẹ̀, mo tún bu bẹ́kìn páúdà sí i. Ó wú bí pọ́fù-pọ́fù. Ẹ̀kẹta dára gan-an! Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo yan án, à ń rún un wómúwómú nílé. Mo wá kó o sínú kúlà ní gbígbóná kó má baà tutù di ọjọ́ kejì. Ìgbà tí a ṣí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti rọ̀ jọ̀ọ̀. Ojú tì mí. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?”

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìtìjú. Ẹni tó bá yan kírákà lẹ́ẹ̀mẹta nínú òtútù Worcester tí kò tíì padà sídìí páálí, ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n láìpẹ́.

Ìṣìṣe mẹ́ta lo kà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rí níbẹ̀. Omi ni. Láti ìgbà tí a bá ti bu fúláwà sínú abọ́ títí kírákà yóò fi dé ẹnu ẹni tí yóò jẹ ẹ́, omi là ń bá fà á. A nílò rẹ̀ kí fúláwà tó lè dì mọ́ra, lẹ́yìn náà a ó wá lé e jáde, a ó sì tún máa ṣọ́ ọ kó má padà wọlé. Wò ó báyìí: nínú gíráàmù 100 búrẹ́dì, omi á tó bíi 35 sí 38. Nínú gíráàmù 100 kírákà tó ń ró lẹ́nu, omi kì í sábà ju 3 tàbí 4 lọ. Bó bá gòkè tó 9 tàbí 10, kò ní ró mọ́, á kàn máa fà lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí o máa fi ojú búrẹ́dì wo kírákà. Èlùbọ́ ni kí o fi wé. Ṣé o rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń sá gbodo, tí wọ́n á ṣẹ́ ẹyọ kan wò kí wọ́n tó kó o wọlé, tí wọ́n á sì sáré jáde bí òjò bá ṣú? Iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn, ààrò ló kàn dípò oòrùn.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kúlà, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù. Àwa àti kúlà! Ìrẹsì, kúlà. Móínmóín, kúlà. Wọ́n ní kí èèyàn gbé ẹran díndín wá síbi ìsọmọlórúkọ, kúlà náà ni. Ohun tí kúlà mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kó sé ooru mọ́nú, bó bá sì ti sé ooru mọ́nú, omi tó ń bá ooru jáde kò rí ọ̀nà lọ nìyẹn. Móínmóín fẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í jẹ́ kó gbẹ. Ṣùgbọ́n kírákà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò ṣì ń mí omi jáde bó ti wù kó gbẹ lójú. O dé ìdérí mọ́ ọn, omi náà gòkè, ó kan ìdérí, ó di ìrì, ó kán padà sórí kírákà. Ká ní o fọwọ́ pa inú ìdérí yẹn lóru ni, ọwọ́ rẹ ìbá tutù. Àti pé ta ló ní kí kírákà gbóná? Súùpù ló ń gbóná. Tẹ́ kírákà sórí irin tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, fi í sílẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, títí bó o bá gbé ẹyọ kan lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ o ò fi ní mọ̀ pé ó rí iná rí. Ìgbà náà lo tó lè kó o sí nǹkan tó ní ìdérí.

Kúlà nìkan kọ́ o. Mo fura pé kírákà yẹn kò gbẹ tán kó tó wọ inú rẹ̀. Etí ló máa ń gbẹ kọ́kọ́, àárín ló máa ń gbẹ kẹ́yìn, ojú wa sì máa ń tàn wá torí etí là ń wò. Etí ti pọ́n, a ní ó ti jinná, a yọ ọ́. Lóòótọ́ ó jinná, ṣùgbọ́n jíjinná yàtọ̀ sí gbígbẹ. Nígbà tó bá wá ń tutù, omi tó wà láàárín á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí etí, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi rí bákan náà, kò ní ró, kò ní rọ̀, á kàn máa ṣe bí awọ. Ìyẹn ló ń fa nǹkan mìíràn tó máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù: o to kírákà sórí tábìlì lálẹ́, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ilẹ̀ mọ́, o rí i pé ó ti là láàárín. Ẹnìkan pè mí lórí fóònù nítorí èyí, ó ní kí n bá òun gbàdúrà sí i. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n etí tó gbẹ ló ń fa omi tó sì ń wú, àárín tó ń pàdánù omi ń súnkì, àwọn méjèèjì ń fa ara wọn, ó bá là. Ẹni tó bá gbẹ kírákà rẹ̀ dé àárín kò ní rí i.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ dé àárín? Àwọn àgbà oníbúrẹ́dì á ní kí o ṣẹ́ ẹ kí o gbọ́ ìró rẹ̀. Ìyẹn dára fún ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo sikéèlì. Kí o tó ti tíréè sínú ààrò, gbé e lórí sikéèlì, yọ ìwọ̀n tíréè kúrò, kọ èyí tó kù sílẹ̀. Pẹ̀lú ìwọ̀n fúláwà àti omi tí n ó fún ọ nísàlẹ̀, gbogbo gíráàmù 100 tútù gbọ́dọ̀ ku nǹkan bíi 70 nígbà tó bá gbẹ. Tó o bá gbé e wò tó ṣì wà ní 75, omi bíi gíráàmù 7 sí 8 ló ṣì fara pamọ́ síbẹ̀, bó ti wù kó pọ́n tó. Dá a padà sínú iná kékeré. Má gbàgbé láti tẹ́ aṣọ tó nípọn sórí sikéèlì kí tíréè gbígbóná má bà á jẹ́. Èmi ti yọ́ ọ̀kan rí.

Kì í ṣe ìyẹn nìkan ni mo bàjẹ́ rí. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan ní apá ìhín yìí, mo yan tíréè kírákà mẹ́fà láàárọ̀, ó gbẹ táútáú, inú mi dùn. Mo wá àyè tí n ó tò ó sí, mo rí àyè gbalasa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ìdí tí àyè náà fi ṣófo. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ náà, ooru funfun á tú jáde bí ìgbà tí a bá ṣí ìkòkò ẹ̀kọ. Ní ọ̀sán, ọ̀gá mi mú ẹyọ kan, ó tẹ̀ ẹ́, kírákà tẹ̀ kò ṣẹ́. Kò bínú. Ó kàn ní kí n máa fi ìka tẹ ìkọ̀ọ̀kan wò níṣojú òun, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ mi fi mọ bí ìtìjú ṣe rí.

Wàhálà tó kan èmi àti ìwọ yìí, ó ti kan àwọn ilé iṣẹ́ ńlá rí. Láyé ìgbà kan ní Amẹ́ríkà, inú àgbá onípákó ni kírákà máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá fẹ́ rà á ni wọ́n á bù ú fún. Bí ó bá ti ń pẹ́ nínú àgbá ló ń rọ̀ sí i. Ìgbà tí wọ́n dá National Biscuit Company sílẹ̀ ní 1898, ohun tí wọ́n fi gba ọjà lọ́wọ́ àwọn alágbàá ni páálí tó ní bébà onídà nínú, tí ọ̀rinrin kò lè gbà wọlé. Uneeda ni wọ́n pe bísíkíìtì náà. Àwòrán tí wọ́n fi polówó rẹ̀ ni ọmọdékùnrin kan tó wọ aṣọ òjò, tó gbé páálí bísíkíìtì mọ́ra. Ẹni tó bá ti wo àwòrán yẹn ti mọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Lónìí, agolo bísíkíìtì onírin tí ìdérí rẹ̀ fún dáadáa ló sàn jù nílé. Ìkejì rẹ̀ ni ìgò ẹlẹ́nu gbígbòòrò. Náílọ́nù tín-ín-rín kò wúlò.

Ó yá, jẹ́ ká padà sí èyí tó le bí àpáàdì. Tí o bá pò fúláwà mọ́ omi, nǹkan kan wà nínú fúláwà tó máa ń so ara rẹ̀ pọ̀ bí okùn, gluten ni wọ́n ń pè é. Òun ni búrẹ́dì fi ń fà, òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ dúró nínú búrẹ́dì. Bí omi bá ṣe pọ̀ tó, bí o bá sì ṣe pò ó pẹ́ tó, ni okùn náà ń nípọn sí i, fúláwà búrẹ́dì ló sì ní in jù. Ìwọ wá mú fúláwà tó ní okùn jù, o fi omi pò ó bí ẹni fẹ́ ṣe búrẹ́dì, o wá gbẹ ẹ́. Okùn tó gbẹ kì í ṣẹ́ pẹ́kẹ́, eyín ló ń ṣẹ́. Ọ̀rá ló ń pa okùn yẹn: bọ́tà tàbí òróró á yí hóró fúláwà ká, omi kò ní ráyè wọ̀ ọ́ tán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi bọ́tà pa fúláwà kí a tó bomi sí i, tí a kì í bu méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Má sọ ọ́ nù ṣá, tó bá ṣì kù. Ohun tó o yan lọ́jọ́ yẹn, bísíkíìtì àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ ni. Fúláwà àti omi, nígbà mìíràn iyọ̀ díẹ̀, wọ́n á yan án títí á fi le bí òkúta, torí kó lè lò oṣù pípẹ́ lórí òkun láìbàjẹ́. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ ní gbígbẹ, rírẹ ni wọ́n ń rẹ ẹ́, bí àwa ṣe ń rẹ kábìn nínú tíì nílé ìwé. Ní ilẹ̀ tí o wà yẹn gan-an, inú ìkòkò ọbẹ̀ ẹja ló máa ń lọ. Wọ́n tẹ bí a ṣe ń se chowder, orúkọ tí wọ́n ń pe ọbẹ̀ ẹja náà, jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní Boston ní ọdún 1751: wọ́n ní kí a to ẹja, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti àlùbọ́sà lérí ara wọn, kí bísíkíìtì tí a ti rẹ sómi sì wà láàárín wọn. Bísíkíìtì ló ń mú kí ọbẹ̀ náà ki. Nítorí náà, gún tìẹ, kó o dà á sínú súùpù tó bá ṣàn jù. Ní Milton tí kò jìnnà sí Boston ni Josiah Bent ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan bísíkíìtì olómi tirẹ̀ ní 1801, wọ́n sì ní ìró tó ń ró lẹ́nu ni wọ́n fi sọ ọ́ ní kírákà. Ojú ibi tí nǹkan yìí ti ṣẹ̀ lo ń gbé, ọmọ mi. Kì í ṣe àjèjì sí ìlú yẹn.

Èyí tó wú bí pọ́fù-pọ́fù kò le. Fúláwà tó ń wú fúnra rẹ̀ ti ní bẹ́kìn páúdà àti iyọ̀ nínú láti ilé iṣẹ́. O tún wá fi tìẹ kún un. Mo sì lè búra pé o kò lu ihò sí i. Omi inú rẹ̀ ń di ooru, kò rí ọ̀nà jáde, ó gbé awọ òkè sókè. Ihò orí kírákà kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ẹnu ọ̀nà omi ni. Ó tán.

Wàyí o, bí mo ṣe ń ṣe tèmi. Fúláwà lásán, èyí tí wọ́n kọ all-purpose sí lára, gíráàmù 300. Iyọ̀ ṣíbí tíì kan, ṣúgà ṣíbí tíì kan (ṣúgà kò ní jẹ́ kó dùn bíi kéèkì, ó kàn ń jẹ́ kó pọ́n dáadáa ni), bẹ́kìn páúdà ṣíbí tíì kan, kó má ju bẹ́ẹ̀. Bọ́tà tútù láti inú firíìjì, gíráàmù 60, òróró ṣíbí ìjẹun kan. Omi tútù, gíráàmù 115. Sikéèlì ni kí o fi wọn omi náà, má fi ife wọ̀n ọ́n.

Po àwọn gbígbẹ pọ̀. Gé bọ́tà wẹ́wẹ́ sí i, fi orí ìka rẹ́ ẹ mọ́ fúláwà. Má fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe é, torí àtẹ́lẹwọ́ gbóná, á yọ́ bọ́tà. Rẹ́ ẹ títí yóò fi dà bíi gààrí Ìjẹ̀bú, hóró wẹ́wẹ́ tó ń ṣàn láàárín ìka. Tó o bá ṣì ń rí bọ́tà tó tóbi bí ẹ̀wà, kò tíì tó. Ibi tó bá yọ́ sí ni kírákà á ti là ihò. Da òróró sí i, rò ó. Lẹ́yìn náà ni kí o wá wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí o máa fi fọ́ọ̀kì rò ó. Yóò dà bí ẹni pé kò ní dì. Má fòyà, má sì yára bu omi kún un. Fi ọwọ́ fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò dì. Bó bá ti dì, dúró níbẹ̀, má pò ó. Ó yẹ kó máa rí ṣákaṣàka díẹ̀ lójú. Fi náílọ́nù wé e, fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí okùn inú rẹ̀ lè sinmi. Tí o kò bá jẹ́ kó sinmi, bí o bá ṣe ń tẹ́ ẹ ni yóò máa súnkì padà bíi rọ́bà.

Pín in sí méjì. Tẹ́ ẹ lórí bébà ìyan, kó o lè gbé e sórí tíréè láìfọwọ́ fà á. Bí o kò bá ní igi ìtẹ́, ìgò tó mọ́ á ṣe é. Kó tín-ín-rín tó báwo? Mú owó ẹyọ sẹ́ńtì márùn-ún ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fọ̀ ọ́, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó yẹn nípọn tó nǹkan bíi mílímítà 2, kírákà rẹ kò gbọdọ̀ nípọn jù ú lọ. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ju tín-ín-rín lọ ni kó dọ́gba. Bí ọ̀tún bá tín-ín-rín tí òsì nípọn, ọ̀tún á jóná kí òsì tó gbẹ, kò sì sí ọgbọ́n tí o lè fi yanjú ìyẹn nínú ààrò. Fi ọ̀bẹ gé e sí igun mẹ́rin-mẹ́rin tó dọ́gba, má tíì yà wọ́n sọ́tọ̀. Wá fi fọ́ọ̀kì lu ihò sí i, kó fẹ̀ tó ìka kan síra, kó o sì jẹ́ kí eyín fọ́ọ̀kì kan tíréè nísàlẹ̀. Ihò tí kò dé ìsàlẹ̀ á padà dí.

Ààrò rẹ yóò ti gbóná sí 400 lórí bọ́tìnnì ti Amẹ́ríkà (Fahrenheit), ìyẹn bíi 200 ní ti àwọn ará ilé (Celsius). Ìṣẹ́jú 10 sí 12. Gbàrà tí etí bá ti ní àwọ̀ bí oyin fẹ́ẹ́rẹ́, dín iná kù sí 250 lórí bọ́tìnnì ti Amẹ́ríkà náà, ṣí ilẹ̀kùn ààrò díẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí ooru omi tú jáde, yọ àwọn tó wà létí tíréè tí wọ́n bá ti gbẹ, ya àwọn tó kù sọ́tọ̀ kí afẹ́fẹ́ wọ àárín wọn, dá wọn padà fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Iná àkọ́kọ́ ló ń fún un ní àwọ̀ àti adùn, iná kejì ló ń lé omi. Bí àwọn èèyàn bá ní kírákà àwọn ń rọ̀, mo máa ń béèrè iná kejì yìí, ẹni tó sì máa ń dáhùn pé òun ṣe é kò pọ̀. Gbé e lórí sikéèlì, pẹ̀lú àwọn tí o ti kọ́kọ́ yọ. Tó bá ti tó, pa ààrò, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀, kó tutù síbẹ̀. Ohun kan sì wà: bọ́tìnnì ààrò ilé máa ń purọ́. Tèmi nílé fi digirì 30 lé sí ohun tó kọ. Ra ohun kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ inú ààrò láti fi wọn ooru, kò wọ́n.

Adùn wá kù sọ́wọ́ rẹ. Òfin kan ni mo ní: ohun gbígbẹ nìkan. Àlùbọ́sà tútù, ata rodo lílọ̀, ewé tútù, omi ni gbogbo wọn, o sì ti mọ ohun tí mo ń rò nípa omi. Ata gígún ṣíbí tíì kan, pò ó mọ́ fúláwà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó o bá wọ́n ọn sókè, á jóná, á sì korò. Ewé efinrin tí a sá nínú ilé tí a fi ọwọ́ fọ́ sí i, ó bá súùpù adìyẹ mu gan-an. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni irú gbígbẹ tí a gún kúnná, ṣíbí tíì kan àtààbọ̀. Òórùn rẹ̀ nígbà tó bá wà nínú ààrò lè mú kí aládùúgbò kanlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n tó bá tutù, adùn jíjinlẹ̀ kan ló ń kù tí ẹni tí kò mọ irú kò ní mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Ghana pọ̀ ní Worcester, ilé ìtajà wọn máa ń ní irú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dawadawa ni wọ́n á pè é. Ẹ̀gúsí tí a bó ńkọ́? Fi omi funfun ẹyin kun ojú kírákà fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ẹ̀gúsí sí i, yí igi kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó lè wọlé, kí o tó gé e. Edé gígún dùn, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jẹun, mi ò ní fi sí i: àwọn kan wà tí edé lè pa lára, wọn kò sì ní retí rẹ̀ nínú bísíkíìtì. Kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára agolo, títí kan ẹyin àti bọ́tà.

Nípa súùpù fúnra rẹ̀. Ọbẹ̀ wa kò nílò kírákà, òkèlè ló ni ín. Mi ò tíì rí ẹni tó fi bísíkíìtì jẹ ẹ̀fọ́ rírò, mi ò sì fẹ́ rí i. Súùpù tó ń ṣàn ló nílò rẹ̀, èyí tí a ń fi ṣíbí mu tí kò sí nǹkan tí eyín á rún nínú rẹ̀: chowder, súùpù adìyẹ, súùpù ẹ̀wà, àti pẹ́pẹ̀ súùpù tiwa náà. Chowder ti ní iyọ̀ tó láti inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti omi ẹran inú ìkarahun òkun, nítorí náà dín iyọ̀ kírákà kù sí ìdajì, má sì wọ́n iyọ̀ sójú rẹ̀. Pẹ́pẹ̀ súùpù fẹ́ kírákà tí kò ní ata rárá, kí ẹnu rí ibi sinmi. Èyí tí a fi bọ́tà nìkan ṣe ló bá a mu jù. Kírákà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà sínú chowder níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń pè ní oyster cracker, kò sí ẹran inú ìkarahun kankan nínú rẹ̀ o. Wọ́n ní Trenton ní New Jersey ni Adam Exton ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1847. Ihò ńlá ló wà nínú tirẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ wú ni, kò dà bíi tìẹ.

Má da kírákà sínú ìkòkò ńlá. Kí oníkálukú fọ́ tirẹ̀ sínú àwo rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń mu ún lọ. Láàárín ìṣẹ́jú méjì ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àwọn bàbá àti ìyá àgbà tí eyín wọn ti lọ ńkọ́, wọn kò ní kọ̀ kó rọ̀, ṣùgbọ́n fún wọn ní àyè kí wọ́n fi súùpù rẹ ẹ́ dáadáa kí wọ́n tó gbé e mì.

Yan án ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun bó o ṣe ń ṣe, kó tutù tán kí o tó lọ sùn, kó o sínú agolo. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ṣẹ́ ẹyọ kan. Tó bá tẹ̀ dípò kó ṣẹ́, má sunkún, dá gbogbo rẹ̀ padà sínú ààrò ní 250 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tutù, á tún ró. Nínú agolo tó dé dáadáa, yóò lo ọ̀sẹ̀ méjì kí bọ́tà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí èyí tó ti pẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, má gbé abọ́ kírákà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò súùpù, bí ó ti wù kó lẹ́wà tó lójú àwọn ìyá ìjọ: ooru tó ń jáde lára ìkòkò yẹn kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ ìfọbọ́ tó dójú tì mí. Gbé e sórí tábìlì kejì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bu súùpù tán ni kí o ṣí agolo.

Kúlà yẹn, má gbé e tì. Súùpù ni kí o fi gbé lọ.